Ìrẹsì ń hó, wọ́n ń kọ orúkọ

Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ti kọjá dáadáa kí ìpàdé wọ́ọ̀dù ẹgbẹ́ òṣèlú kan tí a lọ wò n'Ífẹ̀ láìpẹ́ yìí tó bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin bí ogójì ló jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Obìnrin mẹ́fà náà wá, àmọ́ ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n wà, nídìí ìkòkò ìrẹsì. Kí wọ́n tó bu oúnjẹ kárí, orúkọ àwọn tí yóò máa darí wọ́ọ̀dù ti wà lórí ìwé. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà, aláta ni ní ọjà Odò-Ògbè, nu ọwọ́ sára ìró, ó bèèrè èyí tó jẹ́ tiwọn níbẹ̀. Wọ́n ní ipò olórí àwọn obìnrin wà. Ó ní, yàtọ̀ sí ìyẹn ńkọ́? Alága rẹ́rìn-ín: "Ìyá, ẹ̀yin lẹ bí gbogbo wa." Ni ilé bá pàtẹ́wọ́, ó parí síbẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí obìnrin fi ṣọ̀wọ́n nípò ìṣèlú, kó má wulẹ̀ lọ s'Abuja. Ẹ̀yìnkùlé yẹn ni kó lọ.

Ti pé ká dìbò, a ò pẹ́ rárá. Nígbà ìbò àpapọ̀ 1959, àwọn ìyá wa ní Ìwọ̀-Oòrùn ti ń sọ ìwé ìbò sínú àpótí. Ní Switzerland tí gbogbo ayé ń kan sáárá sí, ọdún 1971 ni àwọn ọkùnrin ibẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà kí obìnrin dìbò sílé aṣòfin àpapọ̀. Ní ìpínlẹ̀ wọn kan, Appenzell Innerrhoden, ilé ẹjọ́ ló fipá mú wọn ní 1990 kí wọ́n tó gbà á nínú ìbò tiwọn. Lórílẹ̀-èdè tiwa náà, obìnrin Òkè Ọya dúró di ìbò 1979. Iwájú la wà nígbà náà. Ẹ wá wo ibi tí a dé: nínú àga 109 tó wà ní Sẹ́nétì, obìnrin mẹ́ta ni wọ́n kéde pé ó wọlé ní 2023; ilé ẹjọ́ ló fi ẹnì kan kún wọn kí ọdún náà tó parí. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ti wà láti 1991. A ti ní igbákejì gómìnà obìnrin, Erelú Ọbádá àti Láoyè-Tòmọ́rì. Gómìnà ńkọ́? Kò tíì sí.

Àwọn kan yóò ní ọmọ Ìkirè ni Patricia Etteh, òun náà sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tó di olórí Ilé Aṣojú-ṣòfin, ní 2007. Òótọ́ ni. Kò lo oṣù márùn-ún tí àríyànjiyàn lórí kọ́ńtíráàtì àtúnṣe ilé fi mú un kọ̀wé fipò sílẹ̀. Látìgbà náà, bí a bá ti dárúkọ obìnrin, ẹnì kan á ní "ṣé ẹ ti gbàgbé Etteh ni?" Mélòó nínú àwọn ọkùnrin tó ti kúrò nípò nítorí irú ẹ̀ la ti fi ṣe àríwísí fún ọkùnrin tó kàn?

Àwọn mìíràn ní kì í ṣe àṣà wa. N'Ífẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ bẹ́ẹ̀ o! Ìtàn ìlú yìí ka Lúwo, obìnrin, mọ́ àwọn Ọọ̀ni, wọ́n sì ní òun ló pàṣẹ kí wọ́n fi àfọ́kù ìkòkò tẹ́ ìgboro. Iléṣà náà ka obìnrin tó ju ẹyọ kan lọ mọ́ àwọn Ọwá wọn.

Mọremí la fẹ́ràn jù láti máa dárúkọ. Ère rẹ̀ tí Ọọ̀ni Ògúnwùsì ṣí ní 2016 ga fíofío, àwọn ọ̀dọ́ ń ya fọ́tò nídìí rẹ̀. Ìtàn tí a ń sọ nípa rẹ̀ ni pé ó fi ara rẹ̀ fún ọ̀tá, ó sì fi ọmọ kan ṣoṣo tó bí fún odò Ẹ̀sìnmìrìn. Bó ṣe rí nìyẹn: ohun tí obìnrin yọ̀ǹda la fi ń yìn ín. Bó bá ti di pé kó wá bá wa pàṣẹ, a ó ní kó lọ wo ìrẹsì.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta 2022, ilé aṣòfin àpapọ̀ da àbá òfin tí ì bá fi àga 111 kún ti tẹ́lẹ̀ fún obìnrin nù. Àbá tó jọ ọ́ tún ti padà wá sílé aṣòfin kẹwàá. A fọwọ́ sí i, a sì fẹ́ kí àwọn aṣojú wa dìbò "bẹ́ẹ̀ ni" lójú gbogbo ayé. Àwọn tó ń takò ó ní àga ọ̀fẹ́ á sọ obìnrin di ọ̀lẹ. Ní Rwanda, àga 24 nínú 80 ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún obìnrin. Nígbà tó fi máa di 2013, obìnrin 51 ló wọlé, ó ju ìlọ́po méjì àga tí wọ́n yà sọ́tọ̀ lọ. (A ò sọ pé ìjọba ibẹ̀ ò lábùkù.)

Àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú a máa fún obìnrin ní fọ́ọ̀mù ní ẹ̀dínwó, wọ́n á sì máa fi fọ́nnu. Ní 2011, Sarah Jibril dupò ààrẹ nínú ìbò abẹ́lé PDP. Ìbò kan ṣoṣo ló rí. Kí ni fọ́ọ̀mù fẹ́ ṣe fún ẹni tí kò lẹ́nìkan ní wọ́ọ̀dù?

Èyí tó kù kò gba òfin kankan. Kí àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú n'Ífẹ̀ máa pe ìpàdé wọ́ọ̀dù ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, nínú gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́, kí wọ́n lẹ orúkọ mọ́ ògiri kí oníkálukú kà á kó tó di pé wọ́n fọwọ́ sí i. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ ìrẹsì, kó lọ bù ún fúnra rẹ̀.