Pé ẹnu àti ohùn ò bá ara mu nínú fídíò ò ní kó jẹ́ téèpù ló ń kọrin

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yéé pín ọ̀rọ̀ tó ń lọ káàkiri yẹn mọ́, èyí tí wọ́n ní tẹ́ ẹ bá ti rí fídíò àgbà olórin níbi àríyá ìta gbangba, tí ẹnu ẹ̀ ò bá ohùn tó ń jáde mu, téèpù ni wọ́n gbé sí i, òun kàn ń la ẹnu lásán. Irọ́ ni o. Ohùn ń rìn bíi mítà 340 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìmọ́lẹ̀ sì yára jù ú lọ fíìfíì, torí náà ẹni tó dúró ní mítà 100 sí sípíkà tó ń fi fóònù ya fídíò máa kọ́kọ́ rí ẹnu tó ṣí kó tó gbọ́ ohùn, ìyàtọ̀ yẹn sì hàn sójú dáadáa. Tí atẹ́gùn bá tún ń fẹ́, ohùn á máa lọ á máa bọ̀, wọ́n á ní ohùn ti tán lára bàbá.

Ó dùn mí gan-an ni. Paul McCartney, àgbà olórin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ẹni 80 ọdún ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú kó tó kọrin ní Glastonbury, àríyá orin ńlá tí wọ́n ń ṣe níta gbangba nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní June 2022, ó sì lò ju wákàtí méjì lọ lórí sítéèjì! Ohùn àgbà máa ń há, ó máa ń já nígbà míì, téèpù kì í ṣèyẹn. Àwọn kan ń lo téèpù lóòótọ́, mi ò jiyàn, àmọ́ ẹ wá fídíò tí wọ́n gba ohùn ẹ̀ tààrà látinú máíìkì kẹ́ ẹ tó pe èèyàn ní oníjìbìtì.