Òyìnbó kọ́ ló kọ́kọ́ gbé ìgbàgbọ́ wọ Abẹ́òkúta

Bí ẹ bá ti gun Olúmọ tán, tí ẹ wá sí Aké láti wo ṣọ́ọ̀ṣì Pétérù Mímọ́, ẹnìkan á sọ ọ́ fún yín ṣáá: "Townsend ló kọ́ ọ, òun ló mú ìgbàgbọ́ wá fún wa." Henry Townsend, míṣọ́nnárì ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n ń sọ. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ títí mo fi dàgbà. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ti ilé yẹn ò le. Èyí tí ẹ ń wò lónìí, ọdún 1898 ni wọ́n kọ́ ọ. Townsend ti kú nílùú Òyìnbó láti 1886, òkú kì í sì í to bíríkì.

Ti ìgbàgbọ́ ló gùn. Àwọn ọmọ Ẹ̀gbá tí wọ́n kó lẹ́rú, tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lójú òkun, Freetown ní Sierra Leone, ìyẹn ìlú Sàró, ni wọ́n kó wọn lọ. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ti di onígbàgbọ́, tí wọ́n sì kàwé. Láti nǹkan bí 1839 ni wọ́n ti ń padà wálé, a sì ń fi orúkọ ìlú yẹn pè wọ́n ní Sàró. Ní 1841, ọ̀kan nínú àwọn Sàró tó wà ní Àgbádárìgì, James Ferguson, kọ̀wé sí àwọn Mẹ́tọ́díìsì pé kí wọ́n wá. Ẹ ò rí i pé ṣe ni wọ́n ránṣẹ́ pe àlejò!

Ta wá ni wọ́n rán? Thomas Birch Freeman, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Ó wọ Abẹ́òkúta ní oṣù Kejìlá 1842. Townsend dé ní January 1843, Andrew Désàlú Wilhelm, ọmọ Ẹ̀gbá tó ti Sàró bọ̀, ló sì bá a rìn. Ṣódẹkẹ́, olórí àwọn Ẹ̀gbá nígbà náà, gba àwọn méjèèjì tọwọ́tẹsẹ̀, torí àwọn ọmọ ìlú rẹ̀ tó ti Sàró dé ti ròyìn Gẹ̀ẹ́sì fún un ní rere.

Ẹ má ṣì mí gbọ́, Townsend ṣiṣẹ́. Ìwé Ìròyìn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ níbí ní 1859, òun ló dá a sílẹ̀.

Kí ló wá dé tí àṣìṣe yìí ò fi lọ? Orúkọ òyìnbó tí àwọn Sàró ń jẹ́ ni mo fura sí. Lọ́dún tó kọjá, mo mú àlejò kan láti Ìbàdàn wọ ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kan. Ó fi ìka tọ òkúta ìrántí lára ògiri lẹ́tà lẹ́tà, C, O, K, E, R, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, òyìnbó mìíràn tún rèé." Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Coker kẹ̀, ọmọ Ẹ̀gbá pọ́nńbélé! William Moore, pásítọ̀, ọmọ Ẹ̀gbá ni. James Johnson tí wọ́n fi ṣe alábòójútó àwọn ìjọ Abẹ́òkúta ní 1877, Yorùbá ni bàbá àti ìyá rẹ̀. Crowther fúnra rẹ̀, Àjàyí ọmọ Òṣogùn ni.

Nígbà tí Townsend padà wá ní August 1846, Àjàyí yẹn ló bá a dé. Oṣù yẹn náà ni òun àti ìyá rẹ̀, Àfálá, tún fojú kanra, lẹ́yìn ọdún márùn-ún-dín-lọ́gbọ̀n tí ogun ti yà wọ́n. Ní 1848, ìyá náà ṣèrìbọmi, ó di Hannah, ó sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣe é nílùú yìí.

Ẹni tí kò bá tíì gbà, kó bi àwọn àgbà nípa Ìfọ́lé. Ní October 1867, àwọn Ẹ̀gbá lé àwọn òyìnbó jáde, wọ́n fọ́ ilé wọn, wọ́n fọ́ ṣọ́ọ̀ṣì. (Ọ̀kan nínú àwọn tí ọwọ́ wọn le jù nínú ìjọba ìlú nígbà náà ni G. W. Johnson, Sàró, tẹ́lọ̀. Ẹ tún gbọ́ orúkọ yẹn.) Bó bá jẹ́ ẹrù òyìnbó ni ìgbàgbọ́, ì bá bá wọn lọ. Àwọn Ẹ̀gbá onígbàgbọ́ kan ṣí lọ sí Ẹ̀bútẹ̀ Mẹ́ta, ibẹ̀ ni wọ́n ti dá ṣọ́ọ̀ṣì St. Jude sílẹ̀. Àwọn tó kù nílé ń bá ìsìn lọ lọ́wọ́ àwọn pásítọ̀ aláwọ̀ dúdú.

Bí ẹ bá wá, ẹ má dúró sí Aké nìkan. Ẹ sọ fún ọlọ́kadà pé Ìgbẹ̀ìn lẹ̀ ń lọ, níbi tí Àjàyí Crowther tẹ̀dó sí. Àwọn àlejò kì í sábàá dé ibẹ̀.