Ọ̀gbẹ́ni Mẹ́fà

Níbi ìkómọjáde kan ní Kubwa lojú ti tì mí. Ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù ni mò ń bá yí nígbà tí ọ̀gbẹ́ni onígíláàsì kan bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ìwé wo lẹ̀ ń kà lọ́wọ́?" Mo dárúkọ ọ̀kan. Ó dákẹ́, ó ń retí ìyókù. Kò sí ìyókù. Ó wá wò mí bí ẹni tó mú igba náírà wọ ọjà Wuse láti ra ẹran. "Ẹyọ kan ṣoṣo, ẹ̀gbọ́n? Mẹ́fà lèmi ń kà pọ̀ o!"

Àṣé òde ti yí kúrò lẹ́yìn mi. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ ṣe fààrí ní Àbújá á ra jíìpù, á máa sọ fún tajá-tẹran pé kọ́ńtíráàtì òun ń bọ̀ lọ́nà. Epo ti wá gbówó lórí, ìwé ló kù. Ṣùgbọ́n ìwé kan ò kún ojú. Ó gbọ́dọ̀ ní ọ̀kan tó ń kọ́ni bí a ṣe ń lówó, ọ̀kan lórí ìtàn ogun, ọ̀kan tó nípọn bíi búlọ́ọ̀kù, ọ̀kan tó ń kọ́ni bí a ṣe ń sùn (ẹni tó ń jí ní aago mẹ́rin nítorí go-slow Nyanya ló fẹ́ fi ìwé kọ́ oorun!), ìwé àdúrà, àti Fágúnwà kan, kí wọ́n má bàa ní ó ti gbàgbé ilé. Wọ́n á tò wọ́n sórí tábìlì ilé kọfí ní Wuse 2, wọ́n á ya fọ́tò, ó di status WhatsApp. Bí fọ́tò bá ti dáa, ìwé kíkà parí nìyẹn.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Bàbá mi, tó bá réluwéè ṣiṣẹ́ ní Kàdúná, ka ìwé mẹ́ta pọ̀ títí ó fi dàgbà: Bíbélì ní ìdájí, ìwé ìròyìn lọ́sàn-án, Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ lálẹ́. Ìwé Fágúnwà tó jáde ní 1938 yẹn, ó kà á títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi já, ó fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán an. Ẹ jí i lóru, á sọ ibi tí Àkàrà-ògùn dé fún yín.

Ará Ítálì kan, Agostino Ramelli, tilẹ̀ ya àwòrán kẹ̀kẹ́ ńlá onígi kan ní 1588. Ìwé tó ṣí sílẹ̀ jókòó lé e yí ká. Ẹni tó ń kàwé á kàn fọwọ́ yí i, òmíràn á dé iwájú rẹ̀ láì dìde. Ṣùgbọ́n àwọn tí oríkèé ẹsẹ̀ ń ro wà lára àwọn tí Ramelli ń ṣàánú. Ẹsẹ̀ Ọ̀gbẹ́ni Mẹ́fà le koko. Ẹ dúró kí onílù dé.

Mo yà sílé rẹ̀ ní Gwarinpa lọ́jọ́ Àìkú. Ìwé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wà lórí tábìlì lóòótọ́, eruku ọyẹ́ ti bò wọ́n bí ẹ̀lùbọ́. Èyí tó wà lókè nìkan ló mọ́, àmì roboto kan sì wà láàárín èèpo rẹ̀: ibẹ̀ ni ife tíì ń jókòó. Mo ṣí ìkejì. Rìsíìtì epo ló fi sàmì sí ojú ìwé kọkànlá. Mo ka iye tó wà lára rẹ̀: lítà epo kan kò tíì tó igba náírà! Ìyẹn ni pé kí wọ́n tó yọ ìrànwọ́ orí epo ní 2023 ni arákùnrin yìí ti dé ojú ìwé kọkànlá, ibẹ̀ ló sì wà títí dòní. Àwọn ojú ìwé tó kù ṣì lẹ̀ mọ́ra wọn bí wọ́n ṣe kúrò ní ilé ìtẹ̀wé.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi ní èyí," ni mo wí.

"Háà, ẹ̀gbọ́n! Mò ń kà á lọ́wọ́ o."

Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó dá a padà sáàyè rẹ̀, ó gbé ife tíì lé òkè. "Ẹyọ kan tẹ́ ẹ̀ ń kà yẹn ńkọ́? Tẹ́ ẹ bá ti parí ẹ̀, ẹ gbé e wá fún mi, kó pé méje."