Ẹ Má Fárí Gibraltar Lẹ́yìn Olórí

Nígbà tí Bírítéènì dìbò ní June 2016 bóyá káwọn kúrò nínú EU, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù, àbí káwọn dúró, àwọn ará Gibraltar tó wà lábẹ́ Bírítéènì náà tò sórí ìlà, 19,322 nínú wọn ló ní káwọn dúró, 823 péré ló ní káwọn máa lọ. Ẹ gbọ́ ná, ìbò tó tó mílíọ̀nù mẹ́tàdínlógún ló ní kí wọ́n lọ nílùú ọba, kí ni 19,322 fẹ́ ṣe sí yẹn? Bí wọ́n ṣe kó wọn jáde nìyẹn, tipátipá.

Ìlú kékeré ni o, òkè àpáta kan létí Sípéènì, èèyàn ibẹ̀ ò tó 40,000. Sípéènì fi sílẹ̀ fún Bírítéènì nínú àdéhùn Utrecht lọ́dún 1713, ó sì ti pẹ́ tó ti ń wá bó ṣe máa gbà á padà. Ta ló ni ilẹ̀, ìyẹn ò lè tán lónìí. Àwọn tó ń sọdá bọ́dà láràárọ̀ ni tiwa, àwọn bíi 15,000 tó ń jí ní La Línea, ìlú Sípéènì tó wà létí bọ́dà, àti àyíká ẹ̀, tí wọ́n ń wọ Gibraltar lọ gbálẹ̀ hòtẹ́ẹ̀lì, lọ kọ́lé, lọ tọ́jú arúgbó, tó bá dìrọ̀lẹ́ wọ́n á padà sílé lọ bá ọmọ wọn. Tí bọ́dà yẹn bá le, oúnjẹ wọn ló le yẹn.

Ibẹ̀ sì ti rí i rí. Lọ́dún 1969 ni Franco, tó ń ṣàkóso Sípéènì nígbà náà, ní kí wọ́n ti geètì bọ́dà pa, wọ́n dá ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ Algeciras ní Sípéènì dúró, wọ́n tún gé fóònù, ìyá wà níbí, ọmọ wà lọ́hùn-ún. Ṣe ni wọ́n ń wá dúró ti fẹ́ǹsì tí wọ́n ń pariwo mọ́ra wọn kí ohùn lè débẹ̀, ẹlòmíì á gbé ọmọ tuntun sókè kí ìyá àgbà tó wà lódìkejì lè rójú ẹ̀. 1982 ni wọ́n tó jẹ́ kí ẹlẹ́sẹ̀ kọjá, mọ́tò dúró di 1985. Ṣé ìyà yẹn wá jẹ́ kí wọ́n fẹ́ràn Sípéènì ni? Ní 2002 tí London àti Madrid jọ ń sọ bí wọ́n ṣe máa jọ ṣàkóso ìlú yẹn, àwọn ará ibẹ̀ ṣe ìdìbò tiwọn, 17,900 ní àwọn ò gbà, 187 ló gbà.

Ìdí nìyẹn tá a fi wà lẹ́yìn àdéhùn tí Bírítéènì àti EU fẹnu kò sí ní June 2025, pé kí fẹ́ǹsì kúrò, kí wọ́n máa yẹ ìwé ìrìnnà wò ní pápákọ̀ òfuurufú àti èbúté, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan sì di ohun tó ń sọ nípa ilẹ̀ mú. Ọlọ́pàá Sípéènì á máa wo páásípọ́ọ̀tù ẹni tó wọ bàálù wá láti London, a mọ̀ pé ó ń bí àwọn kan nínú nílùú ọba, ṣùgbọ́n àwọn tó ń bínú yẹn ò kí ń sùn ní La Línea, wọn ò kí ń tò síbi geètì láago mẹ́fà àárọ̀.

Ìjọba á yí padà ní Madrid, á yí padà ní London, ohun tá a ń bẹ̀ wọ́n ni pé kí ẹnikẹ́ni má tún fi bọ́dà yẹn na àwọn èèyàn yìí, kí wọ́n sì bi ará Gibraltar kí wọ́n tó fọwọ́ sí ohunkóhun. Tí fẹ́ǹsì yẹn bá ti wó, kí wọ́n kó irin ẹ̀ kúrò nílẹ̀ pátápátá.