Abẹ́rẹ́ tó mọ ojúlé tó ń lọ

Ẹ kú iṣẹ́ o. Nínú àpilẹ̀kọ yín, ibi tí ẹ ti ní ìtọ́jú jíìnì (fífi jíìnì sínú ara láti fi wo àìsàn) tó ń wá jẹjẹrẹ lọ bá níbùba rẹ̀ “ṣẹ̀ṣẹ̀ dé” ni mi ò gbà. Ṣáínà ti fọwọ́ sí Gendicine, oògùn jíìnì fún jẹjẹrẹ, láti 2003. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí irú oògùn bẹ́ẹ̀, Imlygic, ní 2015 fún jẹjẹrẹ awọ ara: fáírọ́ọ̀sì tó ń fa egbò etí ẹnu ni wọ́n tún rọ, tí wọ́n sì di jíìnì lé lórí. Inú kókó jẹjẹrẹ náà gan-an ni dókítà ń gún un sí. Ọgbọ́n wà níbẹ̀, torí irú fáírọ́ọ̀sì mìíràn wà tó jẹ́ pé bí ẹ bá fà á sínú iṣan ẹ̀jẹ̀, ẹ̀dọ̀ ló máa gba èyí tó pọ̀ jù mọ́ ọ̀nà.

Àmọ́ ẹ ò sọ ti òtútù. Imlygic ń fẹ́ fìríìsà tó tutù ju -70°C lọ. Níbí ní Lagere, n’Ífẹ̀, omi inú ọ̀rá tí ìyàwó mi ń tà kì í dì tán kí wọ́n tó mú iná lọ. Àná, ṣe ló ń dà wọ́n sínú báàfù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa béèrè bí irú oògùn yìí ṣe máa wà nínú òtútù níbí, kí ẹ sì béèrè iye owó rẹ̀.