São Tomé kò tíì ta àgbá epo rọ̀bì kan rí

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà pé epo rọ̀bì ti sọ São Tomé and Príncipe, orílẹ̀-èdè erékùṣù kékeré tó bá Nàìjíríà pààlà lójú omi, di olówó lábẹ́lẹ̀, pé àwọn òyìnbó ń kó o lọ, àti pé torí rẹ̀ ni wọ́n ṣe dìtẹ̀ gbàjọba níbẹ̀ lóṣù Keje ọdún 2003. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kòkó àti epo pupa ni erékùṣù náà ń tà sókè òkun. Àǹgólà ni wọ́n ti ń ra dísù tí wọ́n fi ń tan iná mànàmáná.

Owó ìbuwọ́lùwé ló da ọ̀rọ̀ rú. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kejì ọdún 2001, Nàìjíríà àti São Tomé fọwọ́ sí àdéhùn lórí agbami tí wọ́n jọ ní: ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún fún Nàìjíríà, 40 fún São Tomé. Iléeṣẹ́ tó bá fẹ́ wá epo níbẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sanwó kó tó gbẹ́ ohunkóhun. Lórí Block 1, ọ̀kan nínú àwọn apá tí wọ́n pín agbami náà sí, Chevron àtàwọn alájọṣe rẹ̀ gbà láti san mílíọ̀nù 123 dọ́là. Ìpín São Tomé níbẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 49.2. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń san irú owó yìí, ẹ̀tọ́ láti wá epo ló sì wà fún.

Nígbà tí Chevron gbẹ́ kànga Obo-1 lọ́dún 2006, nínú omi tó jìn ju 1,500 mítà lọ, ìwé ìròyìn kọ ọ́ pé wọ́n ti rí epo. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìwọ̀n rẹ̀ kò tó èyí tó lè san owó ọkọ̀ ńlá tí ń fa epo lójú agbami àti owó páìpù. Total gba Block 1, ó gbẹ́ tiẹ̀ lọ́dún 2012, ó sì kúrò lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Addax àti Sinopec gbẹ́ káàkiri lọ́dún 2009. Shell àti Galp gbẹ́ kànga Jaca lọ́dún 2022, nínú omi São Tomé fúnra rẹ̀. Nínú gbogbo rẹ̀, kò sí èyí tó tó tà.

Ìdìtẹ̀ ọjọ́ 16 oṣù Keje ńkọ́? Ọ̀gágun Fernando Pereira ló ṣáájú rẹ̀. Owó oṣù tí wọn kò rí gbà àti ilé sójà tó ti bàjẹ́ ni wọ́n ń ké lé lórí; àwọn tó ti jagun fún ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà South Africa tẹ́lẹ̀ sì dara pọ̀ mọ́ wọn. Wọ́n mú Olóòtú Ìjọba Maria das Neves. Abuja ni Ààrẹ Fradique de Menezes wà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ìjíròrò, Ọbásanjọ́ fúnra rẹ̀ ló bá a padà sílé, wọ́n sì dárí ji àwọn sójà náà. Ìròyìn mílíọ̀nù tó ń bọ̀ bí wọn nínú lóòótọ́, torí ebi ń pa wọ́n. Ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rí tó fara hàn pé iléeṣẹ́ epo kan ló rán wọn.

Ibi tí wọ́n ti rẹ́ São Tomé jẹ gan-an, inú ìwé àdéhùn ló wà, ìyẹn ló sì yẹ kó máa dùn wá. Lọ́dún 1997, ERHC, iléeṣẹ́ kékeré kan láti Amẹ́ríkà, fi mílíọ̀nù 5 dọ́là ra ẹ̀tọ́ ńlá lórí epo tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí. Nígbà tí wọ́n tún àdéhùn náà ṣe, wọ́n fún un ní ìpín nínú ọ̀pọ̀ Block láìní san owó ìbuwọ́lùwé rárá. Ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí wọn kò san yẹn, ti São Tomé ni ìbá jẹ́.