Wọ́n Ka Ìtọ́kasí, Wọn Kò Ka Ìwé

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀gbọ́n wa kan fi àtẹ kan ránṣẹ́ sórí WhatsApp níbi tí àwa ọmọ Ẹ̀pẹ́, ará ilé àti ará ẹ̀yìn odi, jọ wà. Orúkọ àwọn olùṣèwádìí ìṣègùn ni wọ́n tò síbẹ̀ ní ipò-ní-ipò, gẹ́gẹ́ bí iye ìgbà tí àwọn onímọ̀ mìíràn tọ́ka sí ìwé wọn. Ẹ̀gbọ́n béèrè pé, "Ẹ̀yin àbúrò, ṣé ẹ rí ọmọ wa kankan níbẹ̀?" Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti ń kí ara wọn kú oríire, àwọn kan sì ti ń jiyàn lórí dókítà tó wà ní ipò kẹrìndínlógún àti èyí tó wà ní ipò ogójì, bí ẹni pé bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń gbá. Mo dákẹ́ nítorí pé àgbà ló gbé ọ̀rọ̀ wá, ṣùgbọ́n èrò ọkàn mi nìyí.

Ní ọdún 1958, dókítà kan tí ó kọ orúkọ rẹ̀ ní G. L. Money gbé àpilẹ̀kọ kan jáde nínú West African Medical Journal lórí àìsàn iṣan ìmọ̀lára tí ó ń bá àwọn ènìyàn agbègbè Ẹ̀pẹ́ wa yìí jà. Ẹni tí àìsàn náà bá mú, ẹsẹ̀ rẹ̀ a máa kú, kò ní lè dúró dáadáa bí ó bá ń rìn, ojú rẹ̀ a máa ṣe bàìbàì, etí náà sì lè di. Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Osuntokun ti Yunifásítì Ìbàdàn tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ náà fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì gbé iṣẹ́ ńlá kan jáde lórí rẹ̀ nínú Brain, jọ́nà (ìwé àtìgbàdégbà) àwọn onímọ̀ ọpọlọ, ní ọdún 1968. Ohun tí wọ́n fura sí jù ni sayanáìdì tó ń ṣẹ́kù sínú ẹ̀gẹ́ tí wọn kò rẹ dáadáa, pàápàá lára ẹni tí ó ń jẹ gàárì láàárọ̀, tí ó ń jẹ fùfú lálẹ́, tí ẹran àti ẹja kò sì pọ̀ nínú oúnjẹ rẹ̀. Àríyànjiyàn kò tíì tán lórí ẹ̀gẹ́ yẹn títí dòní. (Ìyá mi àgbà kò ka ìwé ìṣègùn kankan, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó tó bẹ́ẹ̀ láti yan gàárì tí kò tíì kan dáadáa nínú ilé rẹ̀.)

Ẹ jẹ́ ká wá bi ara wa pé ènìyàn mélòó ní gbogbo ayé ló ń kọ̀wé lórí àìsàn yìí. Wọn kò pọ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pé àwọn tó ń kọ̀wé nìkan ló lè tọ́ka sí ẹlòmíràn, a jẹ́ pé ẹni tó mọ àìsàn Ẹ̀pẹ́ jù lọ láyé kò lè rí ju ìtọ́kasí díẹ̀ lọ, nígbà tí ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ tí kò ju tirẹ̀ lọ lórí àrùn ọkàn tàbí jẹjẹrẹ yóò rí ọ̀kẹ́ àìmọye, nítorí pé èrò pọ̀ ní ọjà tirẹ̀. Lọ́rọ̀ kan, iye àwọn tó ń kọ̀wé ni ìtọ́kasí ń tẹ̀ lé, kì í ṣe iye àwọn tó ń ṣàìsàn. Ọ̀pọ̀ jọ́nà ilẹ̀ Áfíríkà ni kò tilẹ̀ sí nínú àkójọ bíi Scopus tí wọ́n ti ń ka ìtọ́kasí ọ̀hún.

Ìwọ̀n h tí gbogbo ènìyàn ń fi yangàn, Jorge Hirsch tó jẹ́ onímọ̀ físíìsì ló gbé e kalẹ̀ ní ọdún 2005. Nọ́ńbà tó ga jù ni, tí ènìyàn fi ní iye àpilẹ̀kọ yẹn, tí wọ́n sì tọ́ka sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó iye ìgbà yẹn, ó kéré tán. Ẹni tí ó bá ní àpilẹ̀kọ márùn-ún tí wọ́n tọ́ka sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ẹ̀ẹ̀márùn-ún, ìwọ̀n tirẹ̀ jẹ́ 5. Ẹni tí ó bá kọ ẹyọ kan ṣoṣo, tí wọ́n tọ́ka sí i ní ìgbà ẹgbẹ̀rún mẹ́rin, ìwọ̀n tirẹ̀ jẹ́ 1. Ẹ fúnra yín ẹ dá a.

Mi ò sọ pé àwọn tó ń ṣe àtẹ náà kò ronú. Ọ̀jọ̀gbọ́n ìṣègùn John Ioannidis àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí àtẹ "ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún" wọn, ìyẹn ti àwọn onímọ̀ tí ìtọ́kasí gbé sókè jù, gbajúmọ̀ jù, ń wo ipò tí orúkọ ènìyàn wà láàárín àwọn tí wọ́n jọ kọ̀wé, wọ́n sì ń fi hàn bí àtẹ yóò ti rí bí a bá yọ ìtọ́kasí tí ènìyàn ṣe sí iṣẹ́ ara rẹ̀ kúrò. Ó yẹ kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí àwọn àpilẹ̀kọ kan wà lórí ìnira tí àrùn ń kó bá aráyé, èyí tí jọ́nà ìṣègùn The Lancet máa ń gbé jáde, tí orúkọ ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn wà lórí rẹ̀. Ní ibi tí wọn kò bá ti pín in, gbogbo wọn ló ń gba odindi ìtọ́kasí náà.

Ohun tí kò ṣeé tún ṣe ni pé ẹ̀rọ ń ka ìtọ́kasí, kì í ka ìwé. Àpilẹ̀kọ tí Andrew Wakefield fi so abẹ́rẹ́ àjẹsára mọ́ àìsàn ọtísímù ní ọdún 1998, tí The Lancet fagi lé ní ọdún 2010, ti gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìtọ́kasí, púpọ̀ nínú wọn láti ọwọ́ àwọn tó ń bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Èébú àti oríyìn, ọ̀kan náà ni lójú ẹ̀rọ. Àwọn kan sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń rẹ́ ẹ jẹ: ní ọdún 2023, Clarivate, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe àtẹ àwọn onímọ̀ tí wọ́n ń tọ́ka sí jù, yọ ènìyàn tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan kúrò lára àwọn tí ìbá wọ àtẹ rẹ̀, nítorí ìfura màgòmágó.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ohun tí àtẹ ń ṣe sí àwọn ọ̀dọ́. Bí ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́ bá rọ̀ mọ́ ìtọ́kasí, olùkọ́ kékeré tí ilé rẹ̀ wà ní etí ọ̀sà yóò fi ẹ̀gẹ́ sílẹ̀, yóò lọ dara pọ̀ mọ́ àwọn tó ń kọ ohun tí èrò pọ̀ sí. Èmi kò lè dá a lẹ́bi. Katalin Karikó, onímọ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ ṣínà fún abẹ́rẹ́ àjẹsára kòrónà, tó sì gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2023, yunifásítì tirẹ̀ ti já a wálẹ̀ nípò ní 1995, kí ẹnikẹ́ni tó ka iṣẹ́ rẹ̀ sí ohun gidi. Ẹni mélòó ló lè ní irú ìfaradà yẹn?

Lánàá ni mo sọ díẹ̀ nínú èyí fún ẹ̀gbọ́n ní kọ̀rọ̀, mo sì ṣàlàyé àìsàn inú ìwé 1958 náà fún un. Ó pẹ́ kí ó tó dáhùn. Ó ní, "Àbúrò, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹsẹ̀ ìyá mi ṣe rí. Ayé la pè é." Kò sọ̀rọ̀ àtẹ mọ́.